Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Da Ọtí Bẹ́ljíọ̀mù Nù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ìpọntí ńlá kan ní Ìbàdàn kí n tó bá ìyàwó mi dé Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́ ọtí wò láràárọ̀, kí n sọ èyí tó dára àti èyí tó yẹ kí wọ́n dà sí gọ́tà. Mo máa ń fi ẹnu kàn án, màá tu ú dànù, màá sì kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Bí mo bá ti ní kí wọ́n dà á nù, ọ̀gá àgbà pàápàá kò ní bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ní Conyers, ìlú kan nítòsí Atlanta, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, páálí ni mò ń fi ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ mi yẹ̀ wò nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ: bàtà, abọ́, oúnjẹ ajá. Kò sẹ́ni tó bi mí rí níbẹ̀ pé kí ni mo mọ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ojú tí mo gbé wọ ilé ìpọntí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ Sátidé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ojú ẹ̀gàn ni.

Ẹni tó mú mi débẹ̀ jẹ́ apòògùn òyìnbó, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Snellville, tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé ní Duluth. Kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó lọ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan péré ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì padà dé bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè níbẹ̀. Oríṣiríṣi ife elẹ́sẹ̀ gígùn ló kó bọ̀. Bí a bá yà kí i lẹ́yìn ìsìn, á gbé bíà síwájú wa, a ò sì gbọdọ̀ mu ún.

"Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀," ni yóò wí. "Ó yá, ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Rárá, ẹ má tíì mu ún."

Àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n ti ń gbé ọmọ-ọmọ jó á wá ti imú bọ inú ife bí ajá tó ń wá egungun. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mọ́tò pásítọ̀ ti dúró níta, gbogbo ife á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, omi ọsàn ni pásítọ̀ á bá lọ́wọ́ gbogbo wa.

Kò béèrè lọ́wọ́ mi rí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe nílé. Ohun tó mọ̀ nípa mi ò ju pé ìyàwó mi jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí èmi sì ń ka páálí ní Conyers.

"Uncle," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ tọ́ bíà gidi wò. Ilé ìpọntí kékeré kan wà ní Atlanta, obìnrin ará Bẹ́ljíọ̀mù ló ni ín. Bí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ṣe ń pọn ọ́n náà ló ṣì ń pọn ọ́n. Uncle, ẹ ò tíì mu bíà rí láyé yín."

Mo wò ó. Mo ní kò burú, a ó jọ lọ. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ lọ wo ibi tí gbogbo ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wa ti ń wá, kí n lè padà wálé wá fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyàwó mi, tó tún jẹ́ díákónẹ́sì, kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. "Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá rí yín níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tó bá rí mi níbẹ̀, kí ni òun náà wá ṣe?"

Ó pòṣé, ó ń palẹ̀ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lọ.

Ọ̀sán ni a débẹ̀. Ilé bíríkì àtijọ́ kan ni, lẹ́bàá ojú irin, ní apá ìwọ̀ oòrùn Atlanta. Àwọn ènìyàn ti jókòó síta lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àti ajá. Ajá pọ̀ ju ọmọ lọ. Nínú ilé, ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n dé àyà, tó so épírọ́ọ̀nù aláwọ mọ́ra, ló ń mú àwọn àlejò kiri. Àwa méjìlá ni a tò tẹ̀ lé e. Kò ju ogójì ọdún lọ, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ dà bíi ti àlùfáà tó ń gbé ara Olúwa fúnni. Ó sọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà ayé àtijọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n máa ń pọntí nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó sọ̀rọ̀ sùúrù. Ó fọwọ́ pa ara ìkòkò bàbà kan, ó ní inú rẹ̀ ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo wo ìkòkò náà. Èyí tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ń se ìrẹsì lọ́jọ́ ìkórè kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Ní Ìbàdàn, àgbá tí a fi ń pọntí ga tó ilé alájà mẹ́ta, a máa ń gun àtẹ̀gùn kí a tó rí ẹnu rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Apòògùn wa rò pé inú mi ló ń dùn.

"Ṣé ẹ rí i, Uncle?" ó wí.

"Mo rí i," ni mo fèsì.

Wọ́n wá mú wa lọ sídìí tábìlì gígùn kan, wọ́n fún oníkálukú ní búrẹ́dì wẹ́wẹ́, ife omi àti abọ́ kan tí a lè tu ọtí sí. Ọtí mẹ́ta ni a máa tọ́ wò. Àkọ́kọ́ mọ́ bíi wúrà, ìfófòó rẹ̀ funfun, ó sì dúró lórí ife bí òwú. Onírùngbọ̀n ní kí oníkálukú sọ ohun tó gbóòórùn. Obìnrin kan ní èso àjàrà gbígbẹ ni. Ọkùnrin kan di ojú méjèèjì, ó ní òun ń gbóòórùn gàárì ẹṣin. Mo wo bàtà rẹ̀, mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo sọ nínú ara mi pé bí ẹni yìí bá fojú rí ẹṣin rí, nínú tẹlifíṣàn ni.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kánáfùrù," ni apòògùn wa wí, ó sì wojú mi bóyá mo gbọ́.

Òótọ́ ló sọ. Yíìsì ló ń mú irú òórùn bẹ́ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n lára pátákó dúdú tó wà lẹ́yìn onírùngbọ̀n ló ti kà á, mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ọtí náà dára. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dára.

Ìkejì jẹ́ aláwọ̀ pupa rúsúrúsú. Láti inú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri ni onírùngbọ̀n ti fà á sínú ife. Kí ó tó dé iwájú mi ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Bọ́tà ni. Bíi bọ́tà tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni, ó tutù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ imú. Onírùngbọ̀n gbé tirẹ̀ sókè.

"Ṣé ẹ gbóòórùn bọ́tà yẹn?" ó bi wá. "Àmì àṣà àtijọ́ nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti fi ẹ̀rọ pa á rẹ́ nínú tiwọn."

Gbogbo wọn mi orí. Ẹlẹ́ṣin di ojú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá yẹn ló gún mi. Ní yàrá àyẹ̀wò wa, bọ́tà kì í ṣe àdììtú. Ọtí tí kò tíì pọ́n tán lè ní in, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ la ti fà á, ìdọ̀tí inú páìpù ló sábà máa ń fà á.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "ìgbà wo lẹ ti fọ páìpù yìí?"

Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sà, ṣé ìgbà àkọ́kọ́ yín rèé tí ẹ máa tọ́ bíà Bẹ́ljíọ̀mù wò?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Apòògùn fa apá ẹ̀wù mi. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́," ó rọra wí lédè Yorùbá. "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò wá."

Kí wọ́n má wò wá. Ohun tó ń dùn ún nìyẹn. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mo ní bí wọ́n bá ní irú ọtí yìí kan náà nínú ìgò, kí wọ́n ṣí i, kí a fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí bọ́tà bá wà nínú méjèèjì, màá tọrọ àforíjì, màá sì bá tèmi lọ. Onírùngbọ̀n ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú ètò tọ̀sán yìí.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn wa tó ń fi omi ṣan ilẹ̀ látìgbà tí a ti wọlé. Ó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, irun rẹ̀ ti funfun tán. Mo ti rò pé atúnléṣe ni. Ó pa omi tó ń dà, ó rìn wá, ó mú ìgò kan nínú àpótí tútù, ó ṣí i, ó sì da díẹ̀ sínú ife mímọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mú ife tèmi, ó gbóòórùn ìyẹn náà. Ó lọ ti ẹ̀rọ tó wà lára ògiri pa, ó sì fi aṣọ pélébé kan bò ó lórí. Ìgbà náà ló wá yíjú sí onírùngbọ̀n.

"Ìgbà wo lo fọ ọ́?"

Onírùngbọ̀n gbójú sókè àjà. "Mo rò pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún..."

"O rò," ni obìnrin náà wí.

Bí mo ṣe mọ̀ pé òun gan-an ló ni ilé ìpọntí náà nìyẹn. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn débi pé etí mi gbóná. Láti ọdún tí mo ti dé Amẹ́ríkà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa sọ̀rọ̀ tí ẹnìkan máa dìde ṣe nǹkan sí i. Àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín ti ń wo ẹnu mi. Ẹlẹ́ṣin sún àga rẹ̀ mọ́ tèmi.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́.

Ọtí kẹta dé, nínú ìgò tí wọ́n fi kóòkì dí, tí wọ́n sì fi wáyà dè. Ọdún méjì ló ti lò nínú àgbá onígi, wọn ò fi yíìsì kankan sí i, afẹ́fẹ́ ni wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Apòògùn ti sọ fún mi nínú mọ́tò pé ìtorí èyí gan-an la ṣe ń lọ, pé òun mu irú rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, omi sì bọ́ lójú òun. Mo fi ẹnu kàn án. Ó kan. Ó kan débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fà wọlé. Mo tu ú sínú abọ́.

"Èyí ti kọjá àtúnṣe," ni mo wí, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn. "Kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Irú ọtí kíkan tí wọ́n fi kànìnkànìn gbé fún Jésù lórí àgbélébùú ni. Ẹ dà á nù."

Ẹ wá wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Obìnrin èso àjàrà da tirẹ̀ sínú abọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹlẹ́ṣin gbé ife kalẹ̀, ó ń nu ẹnu. Wọn ò tíì tọ́ ọ wò dáadáa. Bí mo bá ní kí wọ́n mu omi tí wọ́n fi ṣan ilẹ̀, wọ́n á bi mí bóyá kí àwọn kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n apòògùn wa ló ṣe mí ní háà jù. Ẹni tí omi bọ́ lójú rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù mi orí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Òótọ́ ni Uncle sọ," ó wí fún gbogbo ilé. "Èmi náà ti fura. Ó ti bàjẹ́."

Obìnrin náà ti ń padà lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró.

"Rárá," ó wí. "Ti àkọ́kọ́, òótọ́ lẹ sọ, ẹ ṣeun. Ti èyí, ẹ ṣì í." Ó fa àga kan, ó jókòó dojú kọ mí. "Níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́?"

Mo sọ fún un. Mo sọ iye ọdún tí mo lò, mo sọ bí àgbá wa ṣe ga tó. Apòògùn ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

"Irú ọtí mélòó lẹ ń pọn níbẹ̀?"

"Ẹyọ kan," mo ní. "Àti malt."

"Ẹ mọ ẹyọ kan yẹn dáadáa," ó wí. Kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìbá sàn fún mi bó bá fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó da ọtí náà sínú ife mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gé búrẹ́dì lé mi lọ́wọ́. "Ẹ jẹ ìyẹn. Ẹ wá mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tu ú."

Mo jẹ búrẹ́dì. Mo mu ọtí, mo sì gbé e mì. Ó ṣì kan, ṣùgbọ́n kíkan náà rọ̀ nígbà tó kọjá ẹ̀yìn ahọ́n, ohun kan tó dà bí òórùn ọkà tó hù tẹ̀ lé e, àti ti igi, àti ti ewé tútù. Mo tún mu ún. Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe Ìbàdàn ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń pọn ní ẹ̀yìnkùlé. Á rẹ àgbàdo sómi, á fi ewé bò ó títí á fi hù, á sá a gbẹ, á lọ̀ ọ́, á sè é, á wá gbé e sílẹ̀ nínú ìkòkò títí á fi kan. Kò sí yíìsì, kò sí yàrá àyẹ̀wò. Ní ọdún tí wọ́n gbà mí sí ilé iṣẹ́ ìpọntí, mo wálé pẹ̀lú táì lọ́rùn. Àwọn ènìyàn wá kí wa kú oríire. Ó bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún mi nínú igbá, níṣojú gbogbo wọn. Mo gbé igbá náà sójú ìmọ́lẹ̀, mo wo inú rẹ̀, mo ní, "Màmá, kòkòrò ló kún inú èyí. Níbi iṣẹ́ wa, gọ́tà la máa dà á sí."

Ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba igbá lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo tún wálé, bíà inú ìgò ló gbé síwájú mi, ti ilé iṣẹ́ tiwa gan-an, ó ti rán wọn lọ rà á. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ó fi kú. Mo rò nígbà náà pé ó ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Mi ò sọ ìyẹn fún obìnrin ará Bẹ́ljíọ̀mù. Mo kàn sọ fún un pé mo ti mu nǹkan tó jọ ọ́ rí, nílé, àgbàdo ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ mélòó ni àgbàdo náà ń lò lábẹ́ ewé. Mi ò mọ̀. Ó béèrè irú ewé tó jẹ́. Mi ò mọ̀. Inú ilé yẹn ni mo gbé dàgbà, mi ò sì bi Màmá léèrè rí.

"Ẹ wá ní Ọjọ́bọ̀, bó bá wù yín," ó wí nígbà tí a fẹ́ máa lọ. "Mo nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ páìpù."

Mo ní èmi kì í fọ páìpù, àwọn tó ń fọ páìpù ni mo máa ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ó gbé èjìká, ó sì lọ tan omi rẹ̀.

Apòògùn ń wa mọ́tò lọ títí a fi kúrò ní òpópónà I-20. Nígbà tó yá, ó ní, "Uncle, kí n sọ òótọ́, ọtí kẹta yẹn dùn mọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kì í gbé ife síwájú mi mọ́ bí mo bá yà nílé rẹ̀. Omi ọsàn ló ń fún mi, bíi ti pásítọ̀.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta kọjá. Ní ìkẹrin tí mi ò ní iṣẹ́ ní Conyers, mo rí i pé mo ti wà níwájú ilé bíríkì yẹn. Obìnrin náà kò bi mí pé kí ló yí mi lọ́kàn padà. Ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì gígùn àti bàtà rọ́bà. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ báyìí. Onírùngbọ̀n ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ti fi kún ìwàásù rẹ̀: bó bá dé orí ọtí kẹta, á sọ fún àwọn àlejò pé ilẹ̀ Áfíríkà ti ń pọn irú rẹ̀ láti ayébáyé, pé àwọn àgbà obìnrin ibẹ̀ ló ń dáàbò bo àṣírí náà. Èmi á wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí mo ń fọ páìpù. Kò bi mí ní nǹkan kan rí.

Nígbà tí obìnrin náà tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì nípa àgbàdo, mo pe ọmọ bíbí àbúrò bàbá mi yẹn ní ilé. Ó jù mí lọ ní ọdún méjì, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kan níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń pọntí tẹ́lẹ̀. Mo kí i, mo béèrè ara àwọn ọmọ, mo wá sọ ohun tí mo fẹ́.

"Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́?" ó wí. "Ìwọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bí Màmá ṣe ń ṣe é."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. "Màmá kò pọn ọ́n ju ọdún kan lọ mọ́ lẹ́yìn tí o ní kòkòrò wà nínú rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò wá rà á mọ́. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ tó kàwé ló sọ ọ́. Èmi ò kọ́ ọ. Kí ni mo fẹ́ fi ìdọ̀tí ṣe?" Mo gbọ́ tó ń dá oníbàárà kan lóhùn, ó wá padà sórí fóònù. "Malt ìgò ni mò ń tà níbí. Ṣé kí n fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ẹ?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bẹ òun, òun kọ́ ni mo ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo sọ fún un pé oòrùn ni, pé ó mú gan-an, àti pé ìyàwó mi ní kí n kí i.